Ẹnì Kan Ti Fowó Lé E

Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọlé, kí o sì fa ilẹ̀kùn dé, torí ọ̀rọ̀ ilé rírà ni mo fẹ́ sọ, a kì í sì í pariwo ọ̀rọ̀ ilé rírà sójú títì. Ẹ fún ọmọ yẹn lọ́mú kó lè dákẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìbàdí obìnrin olùkọ́ kan ni Alábẹ́rẹ́ ń wọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí olùkọ́ náà la ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gba iwájú ilé àbúrò yín kọjá láàárọ̀. Wọ́n ti tún un kùn. Ó ń dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀."

Alábẹ́rẹ́ fa téèpù. Ó fà á títí olùkọ́ fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì fẹ́ máa mí o."

"Má bínú. Mo rò pé o ti rù ni."

Ọdún méjìlélógún ni Alábẹ́rẹ́ ti ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ní ìparí òpópónà kan náà ni àbúrò rẹ̀ ti ń ṣe búrẹ́dì. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é láti kékeré, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kún ẹnu ọ̀nà báyìí, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọlé. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ́ ilé oní-fúláàtì mẹ́rin, tó ń fi háyà. Láti ìgbà náà, Alábẹ́rẹ́ kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Bí ọ̀nà bá gbé e gba iwájú ilé náà, bàtà ara rẹ̀ ni yóò máa wò títí yóò fi kọjá.

Kì í ṣe pé ó kórìíra àbúrò rẹ̀ o. Bí ibà bá dá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná àti aṣọ ìnura. Ṣùgbọ́n bí ara Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá ti yá tán, tó bá tún ti ń rẹ́rìn-ín, ara tirẹ̀ ni yóò wá máa gbóná. Owú ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní orúkọ tí ń jẹ́. Òun ló kọ́kọ́ hu eyín, òun ló kọ́kọ́ rìn, òun ló kọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Báwo ni ẹni tí èèyàn so bàtà fún ṣe wá sáré kọjá èèyàn?

Bí olùkọ́ ti jáde, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ó ń kọrin sí i:

Máa yí, ẹ̀rọ mi, máa yí,
Ilé làwọn kan ní, aṣọ lèmi ní,
Onílé tó wà níhòòhò, ta ni yóò kí i?
Máa yí, ẹ̀rọ mi, máa yí.

Orin náà dùn, ṣùgbọ́n kò wo ọgbẹ́ náà sàn. Ní ọjọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ọ́fíìsì alágbàtà ilé lọ.

Alágbàtà yìí ní fóònù méjì àti ẹnu kan tó dùn ju fóònù méjèèjì lọ. Bó bá kí ọ, wàá fọwọ́ kan àpò rẹ wò. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn ń ta yanran, ó mú Alábẹ́rẹ́ lọ síbi ilé aláwọ̀ ewé kan, ilé ilẹ̀ ni, ayálégbé mẹ́rin nínú rẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. Wọ́n to òdòdó sínú ike lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wá wo ohun tí aránṣọ wa yìí ṣe. Obìnrin tí kì í ra aṣọ láì kọ́kọ́ yí i sódì kó wo ojú rírán rẹ̀, tí ń bá àwọn aláṣọ jà nítorí òwú kan ṣoṣo, dúró síta, ó na ìka sókè, ó ń ka fèrèsé.

"Mẹ́rìnlá," ló wí.

"Mẹ́rìnlá géérégé, Màmá," ni Alágbàtà dáhùn.

"Ti ẹnì kan báyìí tí mo mọ̀, méjìlá ni."

"Ẹni yẹn ò tíì rí nǹkan, Màmá."

Ó tán. Fèrèsé méjì tó fi lé ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ra ọkàn rẹ̀. Wọ́n wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ díẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó lórí àga níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Alábẹ́rẹ́ fẹ́ kí i dáadáa, ṣùgbọ́n Alágbàtà fà á lápá.

"Ẹ má dá ara yín lágara. Kò gbọ́ràn mọ́. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ̀rín ló máa fi dá yín lóhùn."

Lóòótọ́, ìyá náà rẹ́rìn-ín sí wọn.

Nígbà tí wọ́n jáde, Alábẹ́rẹ́ gbà láti san iye tí Alágbàtà pè, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ dé etí ẹnikẹ́ni. Pàápàá àwọn tó ń ta búrẹ́dì."

"Màmá, inú kànga lẹ sọ ọ́ sí."

Ọkọ rẹ̀ pàápàá kò gbọ́. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, òrùlé tó ti kàn ní ìgboro yẹn kò lóǹkà. Ó lè dúró sí ìsàlẹ̀ kó wo páànù, kó sọ èyí tí ìṣó rẹ̀ ti yọ. Òun gan-an ló yẹ kí ìyàwó rẹ̀ mú lọ wo ilé. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò sì lè ra búrẹ́dì kó má fi ọ̀rọ̀ kún owó. Bí Alábẹ́rẹ́ bá sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́, ààrò búrẹ́dì ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Alábẹ́rẹ́ fi òwú rán ẹnu ara rẹ̀ pọ̀.

Ọjọ́ kẹta, fóònù dún.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ó mà ṣe o. Ẹnì kan ti fowó lé e."

"Ta ni?"

"Obìnrin kan ni. A kì í dárúkọ nínú iṣẹ́ wa."

"Ṣé ó rí fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá?"

"Ó rí gbogbo rẹ̀. Ó tiẹ̀ tún wo ẹ̀yìnkùlé."

Alábẹ́rẹ́ rò ó bíi pé àjèjì kan ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò ọbẹ̀ òun. Ó fowó lé e. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, fóònù tún dún: ẹnì kan ti fowó lé e. Òun náà tún lé e. Ó wá di pé ó ń jowú obìnrin tí kò mọ̀ rí yìí mọ́ ti àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé owú kì í dá gbé. Bó bá ti gba yàrá kan nínú ọkàn èèyàn, á lọ pe àwọn ẹbí rẹ̀ wá. Ayálégbé tí kì í san owó ilé ni, lílé rẹ̀ sì le.

Nígbà tí fóònù dún lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ohun tó ti fi pa mọ́ láti ọdún méjìlélógún kò tó mọ́. Ó yí ojú wo ẹ̀rọ ńlá tó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù, èyí tó fi ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé, tó jẹ́ pé òun ló ń bọ́ ilé rẹ̀ ní ìdajì ọdún. Ó wá ẹni tó máa rà á. Ìyẹn ní òun á wá gbé e ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé náà ni Alágbàtà dá fún un láti wá san owó ilé.

Ní Ọjọ́bọ̀, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ẹ rọra fọwọ́ kàn án."

"O ṣé. Jókòó." Alábẹ́rẹ́ ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù. "Oníbàárà mi kan fẹ́ ra ilé tó máa fi háyà. Ìwọ tí o ti dé ibẹ̀, kí ló yẹ kó wò?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó lójú. "Oníbàárà yín? Apá ibo ló ti ń wá ilé?"

"Òkè lọ́hùn-ún. Ìwọ ṣá dáhùn."

Ó jọ pé ọkàn Pẹ́lẹ́ńgẹ́ balẹ̀. Ó jókòó, àga dún.

"Kó má ra ilé nínú oòrùn. Kó dúró de òjò, kó wá lọ wò ó. Àléébù tí oòrùn bá bò, òjò ló máa ń tú u fó."

"Hun-un."

"Kó má jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ sí pálọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọ̀, lẹ́yìn náà kó bi wọ́n níbi tí omi ti ń wá. Ayálégbé lè fara da ọ̀dà tó ti ṣí, ṣùgbọ́n kò lè fara da ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kì í ṣàn. Kó sì bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn alágbàtà. Ọdún mélòó ni wọ́n ti wà níbẹ̀? Kí ló lé àwọn tó kó lọ? Kó rí ìwé ilé, kó rí i pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà ló ń tà á."

"Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló máa wá kọ́ onílé ní ọgbọ́n?"

"Àwọn ló mọ ibi tó ń jò, ẹ̀gbọ́n mi. Onílé kì í sùn níbẹ̀." Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ya búrẹ́dì díẹ̀, ó fi sẹ́nu. "Àti èyí tó jù: kó má fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra ilé. Ìdá kan nínú mẹ́rin, kó gbàgbé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Yàrá kan lè ṣófo fún oṣù mẹ́fà. Òrùlé lè ṣí. Ilé dà bí ọmọ ọwọ́, ọjọ́ tí ẹ bá bí i gan-an ni ìnáwó bẹ̀rẹ̀."

"Màá sọ fún un."

Nígbà tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ tán, Alábẹ́rẹ́ kọjú sí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Kò fẹ́ kí oníbàárà mi ra ilé. Owú ń jẹ ẹ́." Inú bí i gan-an nítorí oníbàárà tí kò sí níbì kankan yìí. Ó jẹ búrẹ́dì náà tán pẹ̀lú ìbínú. Ó dùn, ìyẹn sì tún dá kún ìbínú rẹ̀.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, òjò dé. Òjò ńlá, tó ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́ kánjúkánjú. Alábẹ́rẹ́ wo òde, ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Kì í ṣe àléébù ló fẹ́ lọ wá o. Ilé rẹ̀ ló fẹ́ lọ wò, bí ọ̀dà ewé yẹn yóò ṣe máa dán nínú omi, kó tó di pé Ọjọ́ Ajé dé tí yóò di tirẹ̀ pátápátá. Ó fi ọ̀rá bo orí, ó gbá aṣọ mọ́ra, ó bọ́ sójú ọ̀nà.

Ó rí fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá láti òkèèrè. Ó sì rí ẹnì kan tó ti dúró sábẹ́ òrùlé ilé náà, tó kún ibẹ̀, tó fi aṣọ òjò bo ara, tó na ọwọ́ sí ibi tí omi ti ń ṣàn láti ara ògiri.

Ẹni náà yíjú. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni.



"Kí lo wá ṣe níbí?" ni Alábẹ́rẹ́ bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀yin náà wá ṣe?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ bi ọ́."

"Mo wá wo ilé."

"Ilé wo? Ilé mi? Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ ra ilé? Ọkọ mi ni? Kò mà mọ̀."

"Ilé yín?" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣí aṣọ òjò kúrò lórí. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mò ń ra ilé yìí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnì kan kàn ń fowó lé e ṣáá ni."

"Ìwọ lo ń fowó lé e."

"Ẹnì kan ló ń fowó lé e mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ilé mẹ́rin nínú ọ̀kan kò tó ọ? Fúláàtì mẹ́rin? O fẹ́ gbé gbogbo òpópónà mì, kí àwa tó kù máa gbé inú ẹ̀rọ ìránṣọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ níta."

"Òjò ń rọ̀. Ta ló ń gbọ́?"

"Èmi ń gbọ́," ni ohùn kan wí láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ wọlé kí òtútù tó mú yín. Mo ti gbé ìrẹsì kaná."

Ìyá arúgbó tí kò gbọ́ràn ni.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ilé ń pè é. Etí rẹ̀ mú bíi ti ológbò. Ó mú wọn jókòó nínú yàrá rẹ̀, ó fún wọn ní aṣọ ìnura kọ̀ọ̀kan, bó ti ń ṣe fún àwọn aláìsàn tí kì í gbọ́ràn.

"Alágbàtà ló ní kí n máa díbọ́n. Ó ní bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹni tó bá ra ilé á lé mi jáde. Mo wá dákẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà níbí, níbo ni màá lọ?" Ó nawọ́ sí Alábẹ́rẹ́. "Ìwọ ọmọ mi, o wá ní Ọjọ́ Ajé. O ka fèrèsé, o sì lọ." Ó nawọ́ sí Pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Ìwọ wá ní Ọjọ́rú. O wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, o pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé inú ń run ọ́."

"Mo ń wò bóyá ó ń ṣàn ni, Màmá," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Ó ń ṣàn. Ohun kan ṣoṣo tó dáa nínú ilé yìí nìyẹn. Ẹ wòkè."

Wọ́n wòkè. Àjà yàrá náà ti wú bí ikùn ẹni tó yó àyójù. Bákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà nílẹ̀, omi ń kán sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kán, kán, kán. Bíríkì ló gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Màmá sókè.

"Gọ́tà ẹ̀yìn ti dí. Bí òjò bá pẹ́, omi á gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wọlé. Ayálégbé kan kó lọ lóṣù tó kọjá, ẹlòmíràn gba yàrá rẹ̀, owó tí ìyẹn san ni wọ́n fi ra ọ̀dà. Iwájú nìkan ni wọ́n kùn. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn, àwọ̀ rẹ̀ kò tíì yí padà látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ."

 Alábẹ́rẹ́ ń wo omi tó ń kán. Ojú inú rẹ̀ ń wo ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ tí wọ́n á wá gbé ní Ọjọ́ Ajé.

Ìgbà náà ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ ló wọlé, omi ń ṣàn lára rẹ̀, aṣọ òjò ìyàwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ mi, mo bi gbogbo òpópónà léèrè rẹ. Wọ́n ní o kọjá pẹ̀lú ọ̀rá lórí bí ìdì búrẹ́dì." Ó rí Pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Ìwọ náà? Ìpàdé wo lẹ ń ṣe tí wọn ò pè mí?" Kó tó gbọ́ èsì, ojú rẹ̀ ti lọ sókè. Ojú káfíńtà kò lè wọ yàrá kó má wòkè. "Ta ló ni òrùlé yìí? Igi rẹ̀ ti jẹrà láti apá ẹ̀yìn. Páànù mẹ́fà ti ṣí. Ẹni tó bá ra ilé yìí, kó ra ọkọ̀ ojú omi mọ́ ọn."

"Èmi ni mo fẹ́ rà á," ni ìyàwó rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́.

Káfíńtà wò ó, ó wo Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó wo ìkòkò ìrẹsì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun."

Màmá Nọ́ọ̀sì bu ìrẹsì àti ẹ̀wà fún gbogbo wọn, ọbẹ̀ ata lórí rẹ̀. Bí wọ́n ti ń jẹun, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó tẹ nọ́ńbà Alágbàtà, ó gbé e sílẹ̀ sáàárín abọ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ibo lọ̀rọ̀ dé lórí ilé yẹn?"

"Ha, Mọ́mì, Ọlọ́run ló ní kí ẹ pè. Ẹnì kan ti fowó lé e. Ó ń fowó lé e lọ́wọ́ báyìí. Ó jókòó síwájú mi nínú ọ́fíìsì, owó wà lórí tábìlì."

Ìrẹsì dúró ní ẹnu Alábẹ́rẹ́.

"Irú èèyàn wo ni?" ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í.

"Obìnrin kan báyìí. Ojú rẹ̀ le. Bó bá ti di ọ̀rọ̀ mú, kì í tú u sílẹ̀."

Káfíńtà mi orí. "Òótọ́ ló sọ níbẹ̀ yẹn."

Alábẹ́rẹ́ gbé oúnjẹ mì, ó fa fóònù mọ́ra. "Alágbàtà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi obìnrin tó jókòó síwájú yín náà ni. Ẹ̀wà ni mò ń jẹ. Ṣé kí n bù fún yín?"

 Alágbàtà ní, "Màmá... nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí..." Fóònù kú.

Màmá Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín adití lọ́tẹ̀ yìí. Ó rín in títí ó fi di ìhà mú. Gbogbo wọn bá a rín in, àyàfi Alábẹ́rẹ́. Ó ń fi ṣíbí to ìrẹsì jọ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́.

"Mo jowú rẹ," ló wí fún àbúrò rẹ̀. "Ọdún mẹ́ta gbáko. Bí mo bá rí ọ̀dà ilé rẹ, àyà mi á máa jó bí ààrò rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Wọ́n ní ẹ mọ bàtà yín lójú ju ẹni tó rán an lọ."

"Ìwọ náà mọ̀, o sì dákẹ́?"

"Èmi náà ń jowú yín, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Alábẹ́rẹ́ gbójú sókè. "Jowú mi? Nítorí abẹ́rẹ́?"

"Nítorí màmá wa." Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wo bákẹ́ẹ̀tì bó ti ń sọ̀rọ̀. "Fúláàtì ìsàlẹ̀, apá ọ̀tún, òun ni mo kọ́ ọ fún. Mo fi irin sí ara ògiri ilé ìwẹ̀ kó lè dì í mú. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní inú ìró ẹ̀rọ yín ni oorun òun wà. Kò sun ibẹ̀ lọ́jọ́ kan kó tó kú. Mi ò tíì fi fúláàtì yẹn háyà títí di òní. Èmi tí mò ń kọ́ oníbàárà yín pé kí yàrá má ṣófo."

 Òjò ti ń dẹwọ́.

"Kò sí oníbàárà kankan," ni Alábẹ́rẹ́ wí nígbẹ̀yìn.

"Mo ti mọ̀ báyìí."

"Màá wá wo irin ara ògiri yẹn. Ó yẹ kí màmá wa ti rí i." Ó nu ojú, ó díbọ́n pé ata ni. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Àtúnṣe òrùlé yìí àti gọ́tà, báwo ni yóò ti pọ̀ tó?"

"Bí wọ́n bá ta ẹ̀rọ ńlá rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó lè tó."

"Mo ti fẹ́ tà á lẹ́ẹ̀kan láti fi ra ilé náà lásán."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Káfíńtà. "O fẹ́ ta kí ni?"

"Ẹ jẹun yín, Bàbá àwọn ọmọ. Mi ò tà á mọ́."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó bá wù yín, ẹ rà á. Èmi ti yọwọ́. A ó jọ wá ọgbọ́n òrùlé."

Ẹ gbọ́ o, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Kó ṣáà la ẹnu, ilé yóò di tirẹ̀, fèrèsé mẹ́rìnlá, kò sì ní sí ẹni tó máa fowó lé e mọ́. Ó wo àjà tó wú. Ó wo bẹ́ẹ̀dì tó dúró lórí bíríkì. Bí òun bá rà á, ọwọ́ òfìfo ni òun yóò fi di onílé, Màmá yìí yóò sì máa gbé bákẹ́ẹ̀tì lọ títí ọdún tí owó yóò tún dé.

"Kí ni màá fi tún un ṣe?" ló bi ara rẹ̀ sókè. "Orin?" Ó mi orí. "Ìwọ lo ní owó ilé tó ń wọlé lóṣooṣù. Ìwọ lo lè gbé òrùlé yìí. Rà á."

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Mo ní kí o rà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní iye tí wọ́n fi ẹnu mi gbé e dé. Màmá, ẹ̀yin mọ ẹni tó ni ín gan-an?"

"Ẹ̀yìn ilé-ìwé ló ń gbé," ni Màmá Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Jẹ́jẹ́ ni. Bóyá ni ó tilẹ̀ mọ iye tí ẹnu yẹn ń pè."

"Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì yọ owó òrùlé kúrò níbẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ni yóò kàn án. Kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ níbí pé o ò ní lé Màmá."

"Ẹni tó mọ gbogbo ibi tó ń jò? Ta ló máa lé irú ẹni bẹ́ẹ̀?" ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Èmi ni màá máa bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èmi á wá yàrá méjì tàbí mẹ́ta tó mọ níwọ̀n ọwọ́ mi. Nínú òjò ni a ó jọ máa lọ wò wọ́n." Ó tún bu ìrẹsì díẹ̀ sí abọ́ rẹ̀. Ó ṣì ń dùn ún díẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Fèrèsé mẹ́rìnlá kì í kúrò lọ́kàn èèyàn ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó rí i pé oúnjẹ náà ń gba ọ̀fun òun lọ, kò há. "Ní Ọjọ́ Ajé, ní kùtùkùtù, kí o dúró dè mí. Èmi ni màá sọ̀rọ̀ níwájú onílé. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n kì í dá lọ ra ilé."

 Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sún abọ́ ọbẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Wọ́n jẹ ìkòkò náà kan ìdí. Káfíńtà da omi bákẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù kó tó jáde, ó sì fi pátákó kan ti àjà náà lẹ́sẹ̀ kó má baà wó lu Màmá kí wọ́n tó wá ṣe é. Òjò ti dá. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn, ó ní kó fa ikùn sínú. Màmá Nọ́ọ̀sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sùn. Kálukú gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ikùn tó kún àti ọkàn tó fúyẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde ńlẹ̀, ìkòkò tèmi wà lórí iná. Ẹ jẹun kí ẹ tó máa lọ.